Bí Mo Ṣe So Agéwọnlọ Nínú Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin àlejò, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń kọjá lọ tí ẹsẹ̀ yín kọ̀ láti kúrò níbí, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹni tó sáré lọ ro ọbẹ̀. Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo àpá tó wà ní èjìká mi yìí. Ẹfọ̀n kan ló fi ìwo kọ ọ́ síbẹ̀, ẹfọ̀n ọ̀hún kò sì kọ nǹkan mìíràn mọ́ láyé rẹ̀. Mo ti wọ igbó tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tó jìnnà jù lọ tí mo dé rí, inú yàrá mi náà ló wà. Inú ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí ẹ rín in, ó tọ́ sí ẹ̀rín.

Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn tó ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ kí i. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí àpá kan tó yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ẹ óò sì rí kókó kékeré kan láàárín àpá náà. Ẹ fi kókó yẹn sọ́kàn. A óò padà débẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ilá lórí, ó gba ọ̀nà àbùjá tó wà lẹ́yìn odò, ni pàkúté onírin kan bá mú un lẹ́sẹ̀. Pàkúté ta? Pàkúté ọdẹ kan ni. Àwọn ọdẹ pọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo gbé e pọ̀n wálé. A fi ewé sí egbò náà, a fi oògùn òyìnbó sí i, oṣù mẹ́ta kọjá, kò jiná. Ẹran ara tó wà létí egbò náà kàn jókòó ni, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, dókítà ní bí òun bá padà wá ní ọjọ́ karùn-ún tí òun bá egbò náà báyẹn, òun máa gé ẹsẹ̀ náà kúrò kó tó di pé ó pa á. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Inú mi bàjẹ́ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé oúnjẹ kì í pẹ́ lójú mi.

Mo gbé ìbọn, mo gbé ọ̀bẹ, mo gbé àpò ọdẹ kọ́rùn, mo forí lé Igbó Ẹlẹ́rìn-ín. Inú igbó yẹn, àwọn igi ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fi ẹ rẹ́rìn-ín títí ìwọ náà á fi bá wọn rín in, bí o bá sì ti rín in dé ibi tí ikùn ti ń dùn ọ́, o ti ta gbòǹgbò nìyẹn. Mo rí àwọn ọdẹ tó ti di igi níbẹ̀, fìlà wọn ṣì wà lórí ẹ̀ka. Ìrókò kan fara wé bí mo ṣe ń rìn, ó fi gbòǹgbò méjì tẹlẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀rín gbé mi. Mo rín, mo rín, omi bọ́ lójú mi, mo wolẹ̀, mo rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti ń wá ilẹ̀ rírọ̀ kiri.

Kí ló gbà mí? Ẹ dúró ná. Ṣé Àwẹ̀ró ti wọlé lọ bu omi? Ó ti wọlé. Ẹ súnmọ́ mi.

Èmi ni mo ni pàkúté náà. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ òfin wa: bí o bá dẹ pàkúté sí ibi tí èèyàn lè gbà, o gbọ́dọ̀ so màrìwò mọ́ igi níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè yà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹmu ń dúró dè mí nílé ọ̀rẹ́ mi, mo ní màá so màrìwò lọ́la. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè, mo ní mo so ó, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ewúrẹ́ wo ló ń la odò kọjá lọ jẹ màrìwò? Ohun tí mo rántí nínú Igbó Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ̀rín náà kú sí mi lọ́nà ọ̀fun, gbòǹgbò wọlé padà, mo dìde. Ẹ má sọ fún un o.

Ní ìpẹ̀kun igbó náà, mo bá iwin kan tí wọ́n ń pè ní Akéréfinúṣọgbọ́n. Kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Orí ìkarahun ìgbín ló jókòó sí, ó ń fa ìkòkò tábà tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n kọ́kọ́ já àlọ́ kan fún òun: kí ni ó ń lọ sí ìrìn-àjò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílé? Mo ní elégédé ni. Mo wú bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé ìdáhùn náà dára. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí èéfín fi gba imú rẹ̀ jáde, ó ní mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n elégédé kì í jẹ́ kí wọ́n gé òun sí méjì kí òun tó lọ. Ó ní ibi tí mò ń lọ ni màá ti rí ìdáhùn. Ó já ewé méjì fún mi, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìkòkò tábà rẹ̀ sí mi nímú.

“Ọdẹ́rìnlọ,” ó ní, “bí o bá débẹ̀, má gba ẹnikẹ́ni là tí kò bẹ̀ ọ́.”

Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ṣé mo gbọ́?

Mo délé lọ́sàn-án gangan. Àwẹ̀ró ń sùn lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Mo jẹ ewé àkọ́kọ́. Mo kéré bí èèrà, mo kéré bí ẹyin iná orí, mo tún kéré sí i títí mo fi di ohun tí kò ní orúkọ. Ìbọn, ọ̀bẹ, fìlà àti ṣòkòtò mi kéré pẹ̀lú mi, mo sì dúpẹ́ gan-an fún ti ṣòkòtò. Mo gun ìrọ̀rí náà bí ẹni ń gun òkè, mo dé etí egbò, mo di imú mi mú, mo fò wọ inú rẹ̀.

Ìlú ló wà nínú egbò, ẹ̀yin èèyàn mi. Àfonífojì pupa kan là sílẹ̀ níwájú mi, odò gbígbóná ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ìlú roboto-roboto sì tò sí bèbè rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ògiri wọn kì í ṣe amọ̀. Ọ̀rá ni, ó ń mì bí awọ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ gbígbóná. Inú ògiri yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú dúró sí. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú ìlú, ọ̀rá ògiri di ìbàdí wọn mú, àyà wọn àti orí wọn ló yọ síta. Wọn kò lè wọlé, wọn kò lè jáde. Gbogbo wọn ló sì ní ojú Àwẹ̀ró.

Àlàfo eyín iwájú, àmì dúdú tó wà lẹ́bàá etí òsì, àti bó ṣe máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí nígbà tí mo bá ti ilé ẹlẹ́mu dé. Wọ́n rí mi, wọ́n tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, “Bàbá Ìbíwùmí, ẹ káàbọ̀.” Ìbíwùmí ni àkọ́bí wa. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Ọkùnrin wo nínú yín ni ẹgbẹ̀rún ìyàwó kí lẹ́ẹ̀kan rí? Mo ti ń wo ibi tí mo lè jókòó sí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí ẹnì kan tó ń yọ̀ bọ̀ lórí ògiri. Òun náà wà nínú ọ̀rá dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹja. Ó fi gèlè di ojú àti ẹnu, ẹyinjú nìkan ló hàn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́, abẹ ni. Ó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró kan, ó gbé abẹ náà, ó gé e ní ìbàdí, orí àti àyà Àwẹ̀ró náà já bọ́ sínú odò. Ó sún síwájú, ó gé èkejì. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láti orí ògiri, “Agéwọnlọ, Agéwọnlọ,” mo sì rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́.

N kò dúró kó gé ẹ̀kẹjọ. Mo fò mọ́ ọn. A jà! Ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo jẹ ọ̀rá ògiri lẹ́nu, mo fi orí kan àgbọ̀n rẹ̀, mo fa okùn tí mo fi ń di ẹran yọ, mo so abẹ náà mọ́ ọn níhà pẹ̀lú ìsokùn àwa ọdẹ, èyí tó jẹ́ pé bí ẹran bá ṣe ń jà ló ṣe ń fún un sí i. Mo wọ odò, mo ṣa orí méje tó ti já bọ́, mo kó wọn sínú àpò, nítorí ọdẹ kì í fi ohun tí ọ̀bẹ bá ti kàn sílẹ̀ sígbó. Èrò mi ni pé màá wá oje igi fi lẹ̀ wọ́n padà. Mo dúró lórí ògiri, mo fi ọwọ́ nu ojú, mo ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Àpò mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Hẹn, Àwẹ̀ró ti jáde, ẹ jẹ́ kí n gbé ohùn sókè. Mo ní àpò mi ń rẹ́rìn-ín! Orí kan ń bi èkejì léèrè bóyá ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n sè. Èkejì ní kí ó fara balẹ̀, pé bàbá yìí ò mọ̀ ọ́n sè.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Gbogbo àwọn tó wà nínú ògiri ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: “Ẹ dìde, ẹ máa kọ́lé bọ̀.” Àwọn ìlú tó wà ní bèbè kejì ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ariwo odò bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ará bèbè kejì ká ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń retí iṣẹ́ tí kò dé. Etí àfonífojì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ìlú mẹ́ta wó sínú odò lójú mi. Láti òkè, mo gbọ́ ìró kan tó mì gbogbo ilẹ̀ náà. Àwẹ̀ró tó wà lórí ẹní ló ń kérora.

Èyí tó súnmọ́ mi jù nínú ògiri fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí.

“Bàbá Ìbíwùmí,” ó ní, “ta ló ní kí ẹ gbà wá là?”

Mo rántí iwin. Mo ní ṣebí wọ́n ń pa wọ́n ni. Gbogbo ògiri bú sẹ́rìn-ín, àpò mi náà bá wọn rín in. Obìnrin náà wá là mí lóye, ó ṣe é pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní òǹkà. Ó ní ìdajì òun tó wà níta ni ìránṣẹ́, ìdajì tó wà nínú ni onílé. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n ògiri di òun mú, ọ̀rọ̀ náà kò lè rìn ju ibi tí ọwọ́ òun tó lọ. Ìgbà tí wọ́n bá gé òun ni ìránṣẹ́ tó lè lọ. Òun á bọ́ sódò, odò á gbé òun dé bèbè kejì, òun á fi ọwọ́ kan ògiri ibẹ̀, wọ́n á sì gbọ́. Ìdajì tó kù nílé náà kò ní jókòó lásán, ààfin ló ń lọ. Ó ní kì í ṣe ikú. Iṣẹ́ ni.

Mo lọ bá Agéwọnlọ níbi tí mo so ó sí. Mo tú gèlè kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ó lè bá mi sọ̀rọ̀. Ojú Àwẹ̀ró ni. Mo ti fi okùn ẹran so ìyàwó mi.

“Àwa mọ́kànlá la wà lórí ògiri yìí,” ó ní. “Eyín irin kan já lù wá lọ́jọ́ kan, ó pa mẹ́wàá. Èmi nìkan ló kù. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń dá a ṣe, kò ká a. Ẹ̀yin náà wá tún so mí.”

Kò bínú bó ṣe sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo tú okùn náà, eyín ni mo fi tú ìsokùn tó gbẹ̀yìn. Okùn ti mú kí apá abẹ rẹ̀ kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ọ̀bẹ tó wà ní ìbàdí mi, ó wo ojú mi, ó ní àyè mẹ́wàá ló ṣófo.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí sí akọni, mo ti dojú kọ ẹkùn, mo ti bú erin lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀bẹ sí ìbàdí Àwẹ̀ró tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ yẹn, mo tún gbé e kúrò. Agéwọnlọ fi ibi tí màá gé hàn mí, ibi tínínrín kan lókè ọ̀rá díẹ̀. Bí mo bá gé e sókè jù, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́. Bí mo bá gé e sísàlẹ̀ jù, ògiri á jò. Obìnrin náà rí i pé mò ń lọ́ra. Ó ní bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ fi kún iṣẹ́ tí òun ń jẹ́, kí n sọ ọ́ sí òun létí kí ọ̀bẹ tó kàn òun, pé ohun tí wọ́n bá sọ fún àwọn nígbà yẹn, kì í sọnù. Ó máa ń dé ibi tó ń lọ.

Mo sọ gbólóhùn mẹ́ta sí i létí. Ẹ má béèrè ohun tí mo sọ. Mo di ojú, mo gé e.

Ó já bọ́ sódò, ó ń rẹ́rìn-ín! Ó juwọ́ sí mi. Ìdajì tó kù bọ́ kúrò nínú ògiri sínú ìlú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré tete lọ sí ààfin láìlórí, ó lọ sọ fún ọba wọn pé ẹni òkè ti lọ. Ìgbà yẹn ni àlọ́ iwin já sí mi lórí, mo pariwo ìdáhùn rẹ̀ sókè pé ará ògiri tí wọ́n gé ni, kò sì sí iwin nítòsí tó máa yìn mí.

Mo tú àpò, mo da àwọn orí méje sódò, wọ́n lọ, wọ́n ń bú mi tìfẹ́tìfẹ́. Èmi àti Agéwọnlọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gé ogún, mo gé ọgọ́rùn-ún, mo gé èyí tí n kò lè kà. Àwọn kan kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu rárá, àtẹ́lẹwọ́ lásán ni wọ́n là sílẹ̀. Àwọn yẹn, bí a bá ti gé wọn, wọ́n á léfòó nínú odò, wọ́n á máa hán ìròyìn ìjà tó ń bọ̀ kó tó dé ara ògiri, kí ìlú lè fara balẹ̀. Bèbè kejì gbọ́! Ìlú kan pín sí méjì, méjì pín sí mẹ́rin, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń rìn bọ̀ lórí àfonífojì náà, wọ́n ń bò ó bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mò ń gé, mò ń jó. Ó dùn mọ́ mi débi pé Agéwọnlọ fi ẹ̀yìn abẹ gbá mi lọ́wọ́, ó ní ó tó. Ó ní bí a bá ránṣẹ́ kọjá ibi tó yẹ, wọn kò ní mọ ìgbà tí wọ́n máa dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró, ẹsẹ̀ náà á sì di òkè.

Mo gbójú sókè, mo rí i pé òrùlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ihò kan ṣoṣo ló kù. Mo gun èjìká Agéwọnlọ, mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo fò. Ara mi jáde. Fìlà mi kò jáde. Kókó tí ẹ rí láàárín àpá yẹn nìyẹn, fìlà òfì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni.

Mo jẹ ewé kejì, mo sì bá ara mi ní ẹsẹ̀ ẹní, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin. Egbò ti pa ojú dé. Dókítà dé lọ́jọ́ kejì, ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Àwẹ̀ró wo èmi náà, ó ní kí n bá òun gbé omi wá. Mo rò pé odò ti gbé gbólóhùn mẹ́ta mi gba ibòmíràn lọ. Ogún ọdún rèé. Bí mo ṣe gba ẹsẹ̀ ìyàwó mi là nìyẹn, èmi Ọdẹ́rìnlọ, ọdẹ kan ṣoṣo tó lọ sí ìrìn-àjò tó sì...

Ẹ dúró. Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá Ìbíwùmí, ohun tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n béèrè yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. ‘Èmi ni mo dẹ ẹ́. N kò so màrìwò. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wàá lọ.’ Ó gùn wá láti ẹsẹ̀ dé àyà mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin kò tíì fi ẹnu yín sọ ọ́ fún mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo ní Àwẹ̀ró lọ bu omi lẹ́ẹ̀kan, n kò gbọ́ ìró igbá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà tó ń gbọ́ wa.

Ó dáa. Ẹ má wò mí, ẹ wo ilẹ̀.

Àwẹ̀ró. Èmi ni mo dẹ pàkúté yẹn. Ẹmu ni mo sáré lọ mu, n kò so màrìwò. Kò sí ewúrẹ́ kankan. Mo rò pé bí o bá mọ̀, wàá padà sílé bàbá rẹ, ẹ̀rù sì bà mí. Jọ̀wọ́, má bínú.

Ó ti gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn lé mi nítan, ó ní kókó náà ń yún òun, kí n fi òrí pa á. Ẹ máa lọ sílé yín, ọbẹ̀ yín ti tutù. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ẹ̀yìn odò lọ, kó gbà á láìbẹ̀rù: láti ogún ọdún, màrìwò ni mo ń so síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò dẹ pàkúté kankan síbẹ̀ mọ́.